ABU MARWAN IBN ZUHR, ONÍṢÈGÙN TÍ Ó RÍ KÒKÒRÒ ABẸ́ AWỌ

  

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń bá wọn ka ìwé ọdọọdún yìí, àwọn tí a sábà máa ń sọ ìtàn wọn níbí ni àwọn onímímọ̀ Fíkíhì, ti Hádíìsì àti ti Náhàwù. Lọ́tẹ̀ yìí oníṣègùn ni mo mú wá. Ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ etí ìpéǹpéjú tí ó máa ń yún, tí ó máa ń pọ́n, tí ó máa ń so èépá, tí kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ó ń da àgbàlagbà púpọ̀ láàmú, pàápàá àwa tí ó jẹ́ pé ìwé kíkà ni iṣẹ́ wa. Kòkòrò kan wà tí ó máa ń fa irú rẹ̀ kan, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò mọ kòkòrò ti ìpéǹpéjú yìí, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀dá alààyè tíntìntín lè máa gbé nínú awọ ènìyàn.

Orúkọ rẹ̀ ni Abu Marwan Abd al-Malik, ọmọ Abu al-Ala Zuhr, láti inú ìdílé Ibn Zuhr ti ẹ̀yà Iyad. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní Avenzoar. Ìlú Ishbiliya ni wọ́n ti bí i, ìyẹn Seville tí ó wà ní ilẹ̀ Sípéènì lónìí, ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá Mílàádì. Ní ìgbà náà, Andalus ni orúkọ ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ Mùsùlùmí sì ni.

Ìdílé yìí yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Bàbá bàbá bàbá rẹ̀, Muhammad, onímímọ̀ Fíkíhì ni. Bàbá bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Abd al-Malik, ni ó kúrò ní Andalus, tí ó lọ sí Qayrawan àti sí Mísírà, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀ kí ó tó padà wá fi ìlú Denia ṣe ibùjókòó. Bàbá rẹ̀, Abu al-Ala, di oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì di wàsíírì. Nítorí náà, láti inú ilé kéwú ni ìṣègùn ti jáde wá ní ìdílé yìí. Mo sọ èyí nítorí àwọn òbí kan tí wọ́n máa ń rò pé ọmọ tí ó bá jókòó ti kéwú kò tún lè jẹ́ dókítà mọ́.

Ìtàn kan wà nípa bàbá rẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Oníṣòwò kan láti Ìráàkì gbé ẹ̀dà al-Qanun, ìwé ńlá tí Ibn Sina kọ lórí ìṣègùn, wá sí Andalus. Ẹ̀dà náà dára púpọ̀, ó sì fi ta Abu al-Ala lọ́rẹ. Nígbà tí Abu al-Ala ka ìwé náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tilẹ̀ gbé e sí àárín àwọn ìwé rẹ̀. Ńṣe ni ó ń gé etí ìwé náà tí kò ní àkọsílẹ̀, tí ó sì ń fi bébà rẹ̀ kọ orúkọ oògùn fún àwọn aláìsàn. A kò ní kí ọmọ ilé-kéwú kankan máa gé ìwé o! Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé inú ilé tí wọn kì í ti gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé ẹni ńlá ni ó sọ ọ́ ni a ti tọ́ Ibn Zuhr dàgbà. Bàbá rẹ̀ yìí ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Ní ọdún 525 Hijira, tí ó bọ́ sí 1131 Mílàádì, ni bàbá náà kú.

Àwọn ọba Murabitun ni ó ń ṣe àkóso Andalus nígbà tí Ibn Zuhr di gende. Ó sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn. Ní nǹkan bí ọdún 515 Hijira, ìyẹn 1121, ó kọ ìwé kan tí ń jẹ́ al-Iqtisad fún Ibrahim, ọmọ Yusuf ibn Tashfin. Ṣùgbọ́n ààfin kì í ṣe ibi ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí ó yá, Ali ibn Yusuf, tí òun àti Ibrahim jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, jù ú sẹ́wọ̀n ní Marrakesh, ní ilẹ̀ Mòrókò. Ó jáde láàyè. Ní ọdún 1147 àwọn Muwahhidun gba Marrakesh, ìjọba Murabitun wó, Ibn Zuhr sì di oníṣègùn Abd al-Mu'min, olórí ìjọba tuntun. Fún òun ni ó kọ ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ, Kitab al-Aghdhiya.

Ibn Abi Usaybi'a, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn oníṣègùn ní ọ̀rúndún kẹtàlá, sọ pé Abd al-Mu'min nílò oògùn ìyàgbẹ́ nígbà kan, ṣùgbọ́n ó kórìíra àtimu irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ibn Zuhr lọ sí ìdí àjàrà kan nínú ọgbà rẹ̀, ó ń fi omi tí a ti po oògùn náà sí bomi rin ín. Nígbà tí àjàrà so, ó gbé òṣùṣù kan fún ọba náà. Nígbà tí ọba jẹ ẹyọ mẹ́wàá, ó ní kí ó dúró, ó ti tó, ìgbà mẹ́wàá ni yóò yàgbẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Bóyá àjàrà lè fa oògùn mu tó bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun ni ó mọ̀. Èyí tí ó dájú ni pé ọkùnrin yìí máa ń wá ọ̀nà tí aláìsàn yóò fi lè gba ìtọ́jú láìsí ìnira.

Ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ni Kitab al-Taysir fi al-Mudawat wa al-Tadbir, ìwé ìmúrọrùn lórí ìtọ́jú àti ìmójútó ara. Ibn Rushd, àlùkálí àti onímímọ̀ Kọ́dóbà, ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́. Ibn Rushd fúnra rẹ̀ ti kọ al-Kulliyyat lórí ìpìlẹ̀ ìṣègùn, ó sì ń darí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìtọ́jú àrùn kọ̀ọ̀kan sí Taysir. Ẹ̀yìn ikú Ibn Zuhr ni wọ́n tú ìwé yìí sí èdè Látìnì ní Venice ní ọdún 1280, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ ní 1490, tí àwọn ará Yúróòpù sì ń fi kọ́ iṣẹ́.

Nínú ìwé náà ni ó ti sọ bí ó ṣe gé gògóńgò ewúrẹ́ kan láti mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ibẹ̀ lè jinná. Ó ń fi omi àti oyin wẹ ojú ọgbẹ́ náà lójoojúmọ́ títí ó fi san, ewúrẹ́ náà sì yè fún ìgbà pípẹ́. Nínú ìwé yìí kan náà ni ó ti dárúkọ ohun kan tí àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ ń pè ní su'ab, ọ̀rọ̀ tí àwa tí a gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ sí ẹyin iná orí. Ó ní ó máa ń rá pálá lára ènìyàn, àti pé bí a bá bó awọ kúrò, ẹranko kékeré kan máa ń jáde láti ibẹ̀, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i.

Àwọn kan máa ń sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí kòkòrò kúrúnà. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a máa fi irọ́ yin Mùsùlùmí. Ahmad ibn Muhammad at-Tabari, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹwàá, ti mẹ́nu ba ẹranko yìí ṣáájú rẹ̀, Ibn Zuhr kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ so tirẹ̀ mọ́ kúrúnà. Iṣẹ́ rẹ̀ tóbi láìsí àbùlà yẹn. Ní ayé wọn, ohun tí gbogbo oníṣègùn gbà ni pé ohun olómi mẹ́rin ni ó ń ṣàkóso ara: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa àti òróòro dúdú, àti pé bí ọ̀kan bá pọ̀ jù tàbí tí ó bàjẹ́ ni ènìyàn ń ṣàìsàn. Kòkòrò kò ní àyè nínú àlàyé yẹn. Ibn Zuhr fara balẹ̀ wo awọ, ó rí ohun tí ó rí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí i.

Ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ní 1687, àwọn ará Ítálì méjì, Bonomo àti Cestoni, fi abẹ́rẹ́ yọ kòkòrò lára àwọn tí kúrúnà ń jà, wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Ní 1841 àti 1842 ni àwọn ará Jámánì méjì, Henle àti Gustav Simon, rí ìbátan rẹ̀ mìíràn. Henle rí i nínú ìdọ̀tí etí, Simon sì rí i nínú ihò irun ojú. Ní 1843 Richard Owen ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní Demodex, èyí tí ó túmọ̀ sí kòkòrò inú ọ̀rá. Òun gan-an ni ti ìpéǹpéjú.

Ẹbí eégbọn àti alántakùn ni Demodex, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní, ẹsẹ̀ náà sì kúrú. Bí a bá to mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, bóyá ni wọn yóò gùn ju mìlímítà kan lọ. Oríṣi méjì ni ó ń gbé lára ọmọ ènìyàn. Ọ̀kan máa ń wà ní ìdí irun ìpéǹpéjú, èkejì máa ń wọ inú ihò tí ọ̀rá ti ń jáde ní etí ìpéǹpéjú. Wọn kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a sùn ni wọ́n ń jáde, bí ilẹ̀ bá mọ́ wọn a padà sínú ihò. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù o. Àgbàlagbà púpọ̀ ni ó ń gbé wọn kiri láìmọ̀, tí wọn kò sì pa á lára, bí ènìyàn bá sì ṣe ń dàgbà sí i ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe àmì ọ̀bùn. Ẹni tí ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ lè ní i. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Etí ìpéǹpéjú yóò wú, yóò pọ́n, yóò máa yún, pàápàá ní òwúrọ̀. Yóò dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú ojú. Irun ìpéǹpéjú yóò máa já, tàbí kí ó máa dàgbà sí ẹ̀gbẹ́. Eéwo kékeré lè máa yọ níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n àmì tí àwọn dókítà ojú gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ ni èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó máa ń yí ìdí irun kọ̀ọ̀kan ká bí ọrùn ẹ̀wù. Dókítà yóò ní kí aláìsàn wo ilẹ̀, yóò sì fi awò rẹ̀ wo ìdí irun náà. Nígbà mìíràn yóò fa irun kan tu, yóò sì wá kòkòrò náà lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ojú àwọn ọmọdé tí ó bá ń yún kì í sábà jẹ́ ti kòkòrò yìí. Èyí tí a sábà máa ń rí lára ọmọdé ni ojú tí kò bá eruku mu. Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Ring Road mọ bí eruku àti èéfín ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ìtọ́jú ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti kòkòrò, nítorí náà kí òbí má ṣe fi oògùn ara rẹ̀ kán ojú ọmọ.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí ìwòsàn ọjọ́ kan níbẹ̀. A óò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ aṣọ mímọ́, a ó gbé e lé ìpéǹpéjú tí a pa dé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí èépá lè rọ̀, kí ọ̀rá sì lè yọ́. Lẹ́yìn náà a ó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ nu etí ìpéǹpéjú níbi ìdí irun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé kòkòrò tí a pa lónìí ti yé ẹyin sílẹ̀. Òróró igi kan tí ó ti ilẹ̀ Ọsirélíà wá, tí wọ́n ń pè ní tea tree, máa ń pa wọ́n, àwọn kan sì ti fi agbára inú rẹ̀ ṣe aṣọ ìnujú. Ṣùgbọ́n òróró náà gan-an láìlà á kò gbọ́dọ̀ kan ojú, nítorí yóò jó o. Ní oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn aláṣẹ oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn ìkán-sójú àkọ́kọ́ tí a ṣe nítorí kòkòrò yìí gan-an. Lotilaner ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń kán an.

Bí ó bá le, dókítà lè fún àgbàlagbà ní ivermectin láti gbé mì. Oògùn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn abúlé wa pẹ̀lú orúkọ Mectizan, láti dènà àrùn tí eṣinṣin kékeré etí odò ń fà, èyí tí ó ń fọ́ ojú. Ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ṣe ìlérí láti máa fi í tọrẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ lọ rà á gbé mì nítorí pé ojú ń yún un. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó fún irú nǹkan báyìí, ìwọ̀n ara ènìyàn ni a sì fi ń ṣírò rẹ̀.

Ìrọ̀rí àti tówẹ̀lì yẹ kí a máa fi omi gbígbóná fọ̀, kí olúkúlùkù sì ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò tìróò àti igi rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tìróò yóò bí ẹlòmíràn nínú, nítorí pé ithmid ní ipò nínú Sunna. Èmi kò bá Sunna jà. Ohun tí ó wà nínú ìdì tí wọ́n ń tà lọ́jà ni ẹjọ́ mi, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òjé. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n gbé láti ilé ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jẹ́ òjé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a má lé irú rẹ̀ fún ọmọ, kí a má sì lé e sí ìpéǹpéjú tí ó wú.

Èyí tí ó burú ju tìróò lọ ni ìtọ̀, kẹrosíìnì, omi ewé àti omi ṣúgà tí àwọn kan máa ń kán sójú. Bákan náà ni àwọn oògùn ìkán-sójú tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà. Àwọn kan nínú wọn máa ń mú kí pípọ́n ojú lọ ní kíá, tí ara yóò tu ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a bá lò wọ́n pẹ́, wọ́n lè mú kí omi inú ojú le kankan títí ojú yóò fi fọ́. Ojú tí ìpéǹpéjú lásán ń dùn ni wọ́n á fi oògùn bàjẹ́! Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ring Road níbí, UCH sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ọkọ̀ kan tàbí méjì ni yóò gbé ènìyàn débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn Ibn Zuhr. Ó fẹ́ràn èso ọ̀pọ̀tọ́ púpọ̀. Oníṣègùn kan wà ní Ishbiliya tí wọ́n ń pè ní al-Far, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́. Al-Far máa ń kìlọ̀ fún un pé ọ̀pọ̀tọ́ yóò dá eéwo burúkú sí i lára. Ibn Zuhr á ní àìjẹ ọ̀pọ̀tọ́ yóò dá gìrì sí al-Far lára. Wọ́n ní gìrì ni ó pa al-Far, tí ìwú burúkú kan sì yọ sí Ibn Zuhr ní ẹ̀gbẹ́. Ó ń fi ìkunra tọ́jú ara rẹ̀, kò lọ. Ọmọ rẹ̀ Abu Bakr, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pààrọ̀ oògùn. Ó dá ọmọ náà lóhùn pé bí Ọlọ́hun bá ti fẹ́ tú ilé ara yìí ká, oògùn tí yóò mú ìfẹ́ Rẹ̀ ṣẹ nìkan ni Òun yóò jẹ́ kí ọwọ́ òun bà. Ní ọdún 557 Hijira, 1162 Mílàádì, ni ó kú ní Ishbiliya, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìn ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Bab al-Fath.

Abu Bakr jogún iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì di oníṣègùn fún al-Mansur, ọmọ-ọmọ Abd al-Mu'min. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ gbọ́ èyí: Ibn Zuhr ní ọmọbìnrin kan tí ó mọ ìṣègùn, pàápàá ìtọ́jú àwọn obìnrin, ọmọbìnrin yìí sì kọ́ ọmọ tirẹ̀ náà. Ìyá àti ọmọ yìí ni wọ́n ń wọlé tọ àwọn ìyàwó al-Mansur lọ, al-Mansur kì í sì í gbà kí ẹlòmíràn gbẹ̀bí fún àwọn ará ilé rẹ̀.